Ẹfọ̀n Inú Igbó, Ẹ̀fọn Inú Ilé

Ẹ jẹ́ kí n ti ara èdè wa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tòní. Bí a bá pe ẹfọ̀n, ẹranko ńlá oníwo tí ń da igbó rú ni. Bí a bá pe ẹ̀fọn, kòkòrò tín-ín-rín tí ń kùn létí ẹni lóru ni. Lẹ́tà kan náà ni a fi ń kọ àwọn méjèèjì. Àmì ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Ọmọ tí kò bá kọ́ àmì ohùn dáadáa lè kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹfọ̀n jẹ òun lóru àná, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn baba wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ mọ ẹfọ̀n dunjú. Ọdẹ ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì mọ̀ pé ẹfọ̀n tí a ta lọ́fà tí kò kú, ọ̀tá tí kì í gbàgbé ni. Ẹni tí ó bá ń lọ pàdé rẹ̀ yóò di àmùrè rẹ̀ gírí, yóò yẹ ohun ìjà rẹ̀ wò, yóò sì dágbére fún ará ilé. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn ńkọ́? Àtẹ́wọ́ lásán ni a ń gbá mọ́ ọn, tí a ó sì yíjú padà, tí a ó máa bá oorun wa lọ.

Ó yẹ kí a tún ìṣirò wa ṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí a mọ̀ sí OMS, ṣírò pé ní ọdún 2023, ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, èyí tí a ń pè ní palù ní ìlú wa, mú ènìyàn nígbà tó tó mílíọ̀nù 263 káàkiri ayé, ó sì pa nǹkan bí 597,000 ènìyàn. Nínú 100 tí ó kú, 95 jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà. Nínú àwọn ará Áfíríkà wọ̀nyí, bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Kò sí ẹfọ̀n kan nínú igbó tí ó ṣe irú èyí rí. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ọ̀tá tí ń pa ọmọ wa, inú àgbàlá wa ni ó ti ń mu omi.

Inú àgbàlá tèmi gan-an ni mo fẹ́ mú yín lọ lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí díẹ̀. Ní ọdún tí ó kọjá, mo fẹ́ mọ ògiri yí ilé mi ká ní Àjàṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ gbẹ́ kòtò lẹ́yìn ilé láti rí yẹ̀pẹ̀ lò. Owó tán kí ògiri tó dé ìdajì, iṣẹ́ dúró, kòtò sì wà níbẹ̀. Nígbà tí òjò oṣù Èbìbí dé, ó di adágún kékeré. Omi rẹ̀ mọ́, oòrùn ń tàn sí i, àwọn pẹ́pẹ́yẹ aládùúgbò ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Lójú mi, ó tilẹ̀ lẹ́wà.

Ìyá ọlọ́mọ kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi kí mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú o, kòtò yín yẹn ti ń kó ẹ̀fọn bá wa lójúlé.” Mo dá a lóhùn pé, “Omi òjò ni, ìyàwó mi, yóò gbẹ fúnra rẹ̀.” Ó dúpẹ́, ó sì lọ. Kò gbẹ.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí ara ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta, bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Àwọn kan ní oòrùn ni ó pa á. Àwọn mìíràn ní eyín ni ó fẹ́ hù. Wọ́n fún un ní àgbo ní ọjọ́ kìíní, ìkejì àti ìkẹta. Ní òru ọjọ́ kẹrin, gìrì mú un. Ọ̀gànjọ́ òru ni ìyá rẹ̀ gbé e lé ẹ̀yìn zémíjàn lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ti lọ sílẹ̀ púpọ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n sì fún un ní oògùn ibà láti ojú iṣan. Ọlọ́run ṣe é, ọmọ náà yè. Nígbà tí wọ́n padà dé, mo lọ kí wọn. Ìyá náà gbé àga fún mi, ó bu omi fún mi, kò sì mẹ́nu kan kòtò rárá. Àìbániwí rẹ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo mú abọ́ funfun, mo lọ bu omi inú kòtò mi wò. Àwọn tanwíji ń yí nínú rẹ̀ bí ìyẹ̀fun tí a dà sínú omi gbígbóná. Mo wò wọ́n dáadáa: wọ́n na ara gbalaja sábẹ́ ojú omi, bí ẹni tí ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Ẹ má gbàgbé àkíyèsí yìí, nítorí pé èmi yóò padà sí i. Èmi kò lè búra pé ẹ̀fọn tí ó jẹ ọmọ náà jáde láti inú kòtò mi, nítorí pé ẹ̀fọn ní ìyẹ́, omi sì pọ̀ ní Àjàṣẹ́. Ṣùgbọ́n èmi kò lè búra pé kì í ṣe láti ibẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá mọ ọ̀tá yìí bí ọdẹ ṣe ń mọ ẹran. Abo ẹ̀fọn nìkan ni ó ń mu ẹ̀jẹ̀, nítorí ẹyin rẹ̀. Akọ a máa mu omi òdòdó àti ti èso. Lórí omi tàbí létí omi ni abo ń yé sí. Ẹyin a di tanwíji. Tanwíji a ká ara kò bí àmì ìdánudúró inú ìwé, a sì dẹ́kun oúnjẹ. Láti inú ìyẹn ni ẹ̀fọn ti ń bọ́ sí afẹ́fẹ́. Nínú ooru ilẹ̀ wa, gbogbo ìrìn yìí kì í ju nǹkan bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń da omi ìdúró nù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ń pa ẹ̀fọn kí ó tó hu ìyẹ́, láì ná sẹ́fà kan.

Oríṣi mẹ́ta ni ó kan ilé wa jù, ìwà wọn kò sì dọ́gba. Èkíní ni èyí tí Faransé ń pè ní anophèle, òun ni ẹ̀fọn ibà. Òru ni ó ń jẹun, pàápàá láti ọ̀gànjọ́ títí di ìdájí. Bí ó bá bà sára ògiri, a máa gbé ìdí sókè bí ẹni tí ń tẹríba. Omi mímọ́ tí oòrùn ń tàn sí ni ó fẹ́ràn jù: kòtò yẹ̀pẹ̀, ojú ẹsẹ̀ màlúù, ipa táyà lójú ọ̀nà. Tanwíji rẹ̀ ni ó ń na ara gbalaja sábẹ́ ojú omi. Ẹ ti mọ ìdí tí àyà mi fi já nígbà tí mo wo inú abọ́.

Èkejì ni culex, ẹlẹ́gbin ilé. Omi ìdọ̀tí inú kòtò àgbàrá, ṣáláńgá àti ẹ̀yìn ibi ìwẹ̀ ni ó ti ń pọ̀ sí i, tanwíji tirẹ̀ a sì máa gbé orí kọ́ sísàlẹ̀. Òun ni ó ń dí ọ̀pọ̀ ará ìlú ńlá lọ́wọ́ láti sùn.

Ẹ̀kẹta ni aedes, dúdú tí ó ní ilà funfun lára àti lẹ́sẹ̀. Ọ̀sán ni tirẹ̀, pàápàá ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Inú àmù, agolo, èèpo àgbọn, táyà àlòkù àti abọ́ abẹ́ ìkòkò òdòdó ni ó ń yé sí. Ẹyin rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ara àmù, ó sì lè gbẹ fún oṣù púpọ̀ láì kú, kí ó sì pa nígbà tí omi bá tún kàn án. Òun ni ó ń gbé ibà pọ́njú kiri, àti ibà tí à ń pè ní dengue, èyí tí ó jà gidigidi ní Burkina Faso aládùúgbò wa ní ọdún 2023. Ní àwọn abúlé wa tí omi ti ṣọ̀wọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn, tí a sì ń tọ́jú omi òjò sínú odù àti àmù, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe dídà nìkan: ẹ fi kànrìnkàn fọ ara àmù nínú, kí ẹ sì dé e pa pẹ̀lú ìdérí tàbí aṣọ tí kò lu.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. A kì í bí ẹ̀fọn mọ́ ibà. Ara ènìyàn tí ibà wà lára rẹ̀ ni ó ti ń fa kòkòrò àrùn náà mu. Kòkòrò náà a sì dàgbà nínú rẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá kí ó tó lè fi ran ẹlòmíràn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ibà ń ṣe gan-an ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ kíákíá, a ti gba aládùúgbò là.

Àwọn òyìnbó pàápàá kò tètè mọ èyí. Láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí àbàtà ni Faransé ti rí “paludisme”. “Malaria” ní tirẹ̀ túmọ̀ sí afẹ́fẹ́ búburú ní èdè Itálì. Wọ́n rí i pé etí omi ni àrùn náà ti ń jà, wọ́n sì rò pé òórùn àbàtà ni. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1880, ní Constantine ní ilẹ̀ Àlùjẹ́ríà, dókítà ọmọ ogun Faransé kan, Alphonse Laveran, fi ẹ̀rọ awò-ohun-kékeré rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1897, Ronald Ross rí i nínú ikùn ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà. Láti ọjọ́ náà ni ẹjọ́ ti kúrò lọ́rùn oòrùn, lọ́rùn epo pupa, àti lọ́rùn afẹ́fẹ́ àbàtà. Síbẹ̀, ní àdúgbò mi ní ọdún tó kọjá, oòrùn ni a kọ́kọ́ dá lẹ́bi.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ má ṣe rò pé mo ń pe àṣà wa lẹ́jọ́. Àwọn ìyá wa mọ̀ pé òórùn ewé efinrin ń lé ẹ̀fọn, èyí kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n lílé ni ó ń lé e fún ìgbà díẹ̀, kò pa á, kò sì dí ọ̀nà rẹ̀ di ìdájí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Òru Ẹ̀fẹ̀. Àjọ UNESCO bu ọlá fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa ní ọdún 2001, inú wa sì dùn. Ẹ jẹ́ kí a máa lọ jókòó lójú agbo títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí a máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ lẹ́nu ọlọ́fẹ̀. Ṣùgbọ́n àkókò yẹn gan-an ni anophèle ń jẹun. Ẹ wọ aṣọ gígùn fún ọmọ, ẹ fi aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ní tirẹ̀, kí ó sùn nílé lábẹ́ àwọ̀n. Àwọn ìyá wa tí a ń fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yẹ́ sí kò ní fẹ́ kí ọmọ san owó eré náà.

Àwọ̀n ẹ̀fọn tí a ti fi oògùn sí ni asà tí ó dára jù lọ nínú ilé. Ìjọba a máa pín in fún àwọn ìdílé lọ́fẹ̀ẹ́ láti ìgbà dé ìgbà. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi bo ebè ẹ̀fọ́, mo ti rí èyí tí wọ́n fi ń kó ẹja wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ létí ọ̀sà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí a tó kọ́kọ́ lò ó, ẹ ta á sí òjìji fún ọjọ́ kan. Bí ó bá dọ̀tí, ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ lásán fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, ẹ sá a sí òjìji, nítorí pé oòrùn a máa pa agbára oògùn ara rẹ̀. Bí ó bá ya, ẹ rán an. Ẹ ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹní tàbí abẹ́ ìbùsùn.

Àlọ́ kan wà tí a gbọ́ ní kékeré, pé Ẹ̀fọn fẹ́ fi Etí ṣe aya, Etí kọ̀ ọ́, ó ní ó rù jù, kò ní pẹ́ kú. Ìdí nìyí tí Ẹ̀fọn fi ń kọjá létí wa lálaalẹ́ láti sọ fún un pé òun ṣì wà láàyè. Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ ju bí àwọn alálọ̀ọ́ ti rò lọ. Oògùn tí a ń fi sí àwọ̀n láti ìgbà pípẹ́, èyí tí a ń pè ní pyréthrinoïde, kò tún ká ẹ̀fọn ilẹ̀ wa lápá bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó ti mọ́ wọn lára. Ṣùgbọ́n àwa náà kò jókòó. Ní Covè, Zagnanado àti Ouinhi, ní ìwọ̀ oòrùn Kétu, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ dán àwọ̀n tuntun wò tí ó ní oògùn kejì, chlorfénapyr, pẹ̀lú ti àtijọ́. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2023 fi hàn pé láàrin ọdún méjì, ibà dínkù lára àwọn ọmọdé tí ń sùn lábẹ́ àwọ̀n tuntun náà ní ìdá 46 nínú 100 ju ti àwọn tí ń lo àwọ̀n àtijọ́ lọ. Ilẹ̀ wa ni a ti ṣe àyẹ̀wò yìí, gbogbo ayé sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára náà ti dé. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 2024, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ tí ń dènà ibà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni a ń gún un, ó sì yẹ kí a parí rẹ̀. Kò sọ ọmọ di ẹni tí ibà kò lè mú mọ́, ṣùgbọ́n ó ń dín ewu kù. Nítorí náà, abẹ́rẹ́ kò ní kí a ká àwọ̀n kúrò. Aboyún ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ bèèrè oògùn ìdènà ibà níbi tí ó ti ń gba ìtọ́jú oyún, nítorí pé ibà inú oyún a máa pa ìyá, a sì máa mú kí ọmọ kéré nígbà tí a bá bí i.

Bí ara ọmọ bá gbóná ńkọ́? Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka ni wọ́n nílò fún àyẹ̀wò kíákíá, kò sì tó ìdajì wákàtí tí èsì yóò fi jáde. Bí ibà bá ni, oògùn tí wọ́n bá fún un, kí ó lò ó tán, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá ní ọjọ́ kejì. Èmi kò bá àgbo jà. Ohun tí mo ń bá jà ni ọjọ́ mẹ́ta tí a fi ń dúró dè é. Bí ọmọ kò bá lè mu ọmú tàbí omi, bí ó bá ń bì gbogbo ohun tí ó jẹ, bí ojú rẹ̀ tàbí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá funfun, bí ó bá ń sùn tí a kò lè jí i, bí gìrì bá mú un, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì máa gbé e lọ.

Ẹnikẹ́ni má sì sọ pé a ti bí wa mọ́ ẹ̀fọn, kò sí ohun tí a lè ṣe. Àwọn ará wa ní Tógò ti dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn. Àrùn jàbùtẹ̀, tí ń mú kí ẹsẹ̀ wú rẹpẹtẹ, ẹ̀fọn ni ó ń gbé e kiri. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí wọ́n fi pín oògùn láti abúlé dé abúlé, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí ní ọdún 2017 pé Tógò ti borí rẹ̀. Òun ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà tí ó gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe idán. Ìdílé kọ̀ọ̀kan gba oògùn, ó sì lò ó.

Mo di kòtò mi pa. Kò gbà ju ẹrù yẹ̀pẹ̀ mẹ́ta lọ, owó rẹ̀ kò sì tó ohun tí ìyá ọmọ náà san fún zémíjàn àti oògùn. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá a, mo ní, “Ìyàwó mi, ìwọ sọ̀rọ̀, èmi kò gbọ́. Má bínú.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ ṣeun. Táyà mẹ́ta wà lẹ́yìn ilé tiwa náà. Bàbá ọmọ ni kò jẹ́ kí n kó wọn dànù.” A jọ lọ bá ọkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ní àràárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, ojúlé mẹ́fà ni ó ń jáde ní àdúgbò wa: ẹnì kan ń fọ àmù, ẹnì kan ń da agolo nù, àwọn ọ̀dọ́ ń gbá kòtò àgbàrá kí omi lè rí ọ̀nà lọ. Kò gbà wá ní wákàtí kan. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí, àgbàlá kan ṣoṣo kò sì lè ká ẹ̀fọn àdúgbò.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá ti ka ìwé yìí tán, ẹ dìde, ẹ yí ilé yín po lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo ẹ̀yìn ilé, ẹ wo abẹ́ àmù, ẹ wo ohun tí ẹ ti rò pé yóò gbẹ fúnra rẹ̀. Bí ẹnì kan tí ó kéré sí yín bá sì kúnlẹ̀ wá sọ fún yín pé omi kan dúró lágbàálé yín, ẹ má dá a lóhùn bí mo ti ṣe. Ẹfọ̀n ti di ohun tí a kì í rí mọ́ ní ọ̀pọ̀ igbó wa. Kí ẹ̀fọn náà dín kù nínú ilé wa, ọwọ́ wa ni ó wà.

Ó di àtẹ̀jáde mìíràn. Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ wa sí.